Ohun tí ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run gbà lọ́wọ́ mi

Bí ọ̀dọ́ kan n'Íbàdàn bá sọ pé ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í. "Ṣé wòlíì lo fẹ́ dà ni?" Wọ́n á tún ní, "Kí lo máa wá fi jẹun?" Mo gbọ́ méjèèjì títí ó fi mọ́ mi lára. Àwọn tó fẹ́ràn mi ló ń bi mí, n kò sì bínú sí wọn, torí ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n ń sọ. Kò sí ohun ńlá tí èèyàn fẹ́ ṣe tí kò ní í ná an ní nǹkan. Ẹ̀kọ́ yìí ná mi lówó, ó gba àkókò mi, ó sì ya èmi àti àwọn kan tí a jọ dàgbà nípa. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù nínú ohun tó gbà lọ́wọ́ mi ni ìdáhùn wàrà-wàrà tí mo máa ń ní sí gbogbo ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kí n tó wọlé. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, mo mọ ìdí. Bí ẹnì kan bá kú, ẹsẹ Bíbélì tí mo máa kà ti wà lẹ́nu mi. Ẹ̀kọ́ náà gba ìyẹn, ó wá fún mi ní Bíbélì tó gbòòrò ju èyí tí mo gbé wọlé lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ̀dọ́ tó ń rò ó lọ́kàn nìyẹn, àti fún òbí tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì l'Ágodi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, lọ́yà ni wọ́n sì fẹ́ kí n ṣe, torí láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé mo lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ Religious Studies sínú fọ́ọ̀mù JAMB, wọn kò bá mi jà. Wọ́n kàn dákẹ́ ni, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún bá mi sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ wọ kíláàsì ló jẹ́ pé òfin tàbí nǹkan míì ni wọ́n béèrè fún, máàkì wọn ni kò tó tí wọ́n fi gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yan án. Ìyẹn gan-an ni kò yé bàbá mi.

Alhaja ló bá wa dá sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n, aṣọ òkè ni wọ́n ń tà ní ọjà Ọjẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi ti di onígbàgbọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ n'Íbàdàn: a jọ ń jẹ ẹran iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Alhaja pe bàbá mi, wọ́n ní, "Ọmọ tó lóun fẹ́ mọ Ẹlẹ́dàá òun, kí lo tún ń wá lọ́wọ́ ẹ̀?" Àwọn ni wọ́n san owó ìwọlé mi. Nígbàkigbà tí mo bá sì lọ kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kí n sọ ohun kan tí mo kọ́. Wọ́n á gbọ́ ọ délẹ̀, kódà bí oníbàárà bá wà ní ìdúró.

Ará Ìbàdàn tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò ní láti jìnnà sílé. Immanuel College wà ní Sámóńdà, níbi tí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ti ń kọ́ àwọn àlùfáà wọn pa pọ̀. Ti Kátólíìkì, SS. Peter and Paul, wà ní Bódìjà. Àwọn Onítẹ̀bọmi ti ní tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1898. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ìjọ ló sábà máa ń rán èèyàn lọ, onítọ̀hún á sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ àlùfáà lòun ń bá lọ. Yunifásítì Ìbàdàn yàtọ̀. Ẹni tó bá ti yege ìdánwò ló lè wọlé, o sì lè bá ara rẹ lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá. Irú ibẹ̀ ni mo fẹ́. Bọ́lájí Ìdòwú náà wà lára ohun tó fà mí lọ. Ọmọ Ìkòròdú ni, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, ó sì kọ́ni ní ẹ̀ka yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà ní 1972. Ní 1962 ni ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde, níbi tó ti ṣàlàyé pé Yorùbá ti mọ Ẹlẹ́dàá kan ṣoṣo tó ga ju gbogbo òrìṣà lọ kí òyìnbó tó gbé Bíbélì dé. Bàbá àgbà kan ní ìjọ wa ló ń dárúkọ rẹ̀ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé, mo sì ti sọ lọ́kàn mi pé ibi tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ti kọ́ni lèmi náà máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó kó tán. Ìwé tíọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run yìí, wọ́n, òkèèrè sì ni èyí tó dáa nínú wọn ti ń wá. Nínú Kenneth Dike Library la ti ń ka púpọ̀, a ó ṣe fọ́tókọ́pì ìyókù ní Àgbowó. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, owó tíṣà girama ni mò ń gbà báyìí, ẹni tó bá mọ Nàìjíríà mọ bó ṣe mọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ka ìṣirò owó wà ní báńkì, òmíràn ti wà ní Kánádà. Inú mi dùn sí wọn tọkàntọkàn. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ wá fẹ́ mi náà padà lẹ́yìn mi, ó ní òun kò lè fẹ́ obìnrin tó máa gun orí pẹpẹ kí òun jókòó sísàlẹ̀. Ó dùn mí. N kò ní sọ pé kò dùn mí.

Ti Gíríìkì, èdè tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ni kí n dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Páálí Indomie ni mo gé sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, mo kọ ọ̀rọ̀ Gíríìkì síwájú, mo kọ Yorùbá rẹ̀ sẹ́yìn, mo fi rọ́bà dè wọ́n, mo ń gbé e kiri nínú báàgì. Nínú Micra láti Mókólá dé géètì, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí iná bá lọ lálẹ́, mo tan làǹtánì, mo tún mú un. Lúō, lúeis, lúei: ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá sì gbọ́ ọ títí òun náà fi mọ̀ ọ́n sórí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, Mùsùlùmí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ Hébérù, tí mò ń ti ọwọ́ ọ̀tún kà á bọ̀ sí òsì, ó ní bíi ti kéú ni, ó sì jókòó tì mí, ó ń fi bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé kéú kọ́ mi bí n ó ṣe máa fi ìka tọ lẹ́tà. Ní ọjọ́ Sátidé tí àwọn ẹgbẹ́ mi wọ aṣọ ẹbí lọ òde, èmi àti páálí yẹn la jọ wà. Èèyàn kò lè kọ́ èdè àwọn tó kọ Bíbélì kó sì tún ráyè lọ gbogbo òde. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ẹ̀kọ́ yìí, kó ti mọ èyí.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì ní oṣù Èrèlé 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko la fi wà nílé. Àwọn kan nínú kíláàsì wa bẹ̀rẹ̀ òwò, wọn kò padà mọ́. Èmi lọ ń bá Alhaja jókòó ní Ọjẹ́, mò ń ká aṣọ, mò ń kàwé láàárín. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìtàn Perpetua. Ní ìlú Carthage ni wọ́n ti pa á, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí, ní 203, nítorí pé ó ní onígbàgbọ́ lòun. Kò ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ, ọmọ wà lọ́mú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ohun tójú rẹ̀ rí lẹ́wọ̀n sílẹ̀, ó sì wà títí dòní. Bàbá rẹ̀ wá bá a, ó fi ewú orí ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó fi ọmọ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, pé kó sọ pé òun kì í ṣe onígbàgbọ́ mọ́. Kò sọ ọ́. Mo sọ ìtàn náà fún Alhaja, omi lé ròrò sójú wọn, wọ́n ní, "Bàbá yẹn ni mò ń káàánú." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí ẹ̀kọ́ mi ná bàbá tèmi, tí mo sì yé ka ohun tó ná èmi nìkan.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì ni ẹ̀kọ́ náà ti kọ́kọ́ kàn mí lára gan-an. Olùkọ́ wa ní kí a ṣí Ìhìn Rere Máàkù sí orí 16, kí a ka ẹsẹ 8: àwọn obìnrin sá kúrò ní ibojì, wọn kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, nítorí tí ẹ̀rù bà wọ́n. Olùkọ́ ní, "Ibẹ̀ ni Máàkù parí sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ wa tó dàgbà jù." Ẹsẹ 9 títí dé 20 kò sí nínú Sinaiticus, kò sí nínú Vaticanus, ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ni wọ́n sì ti fi ọwọ́ kọ méjèèjì. Ẹ rántí ohun tó wà nínú ẹsẹ méjìlá yẹn o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní àwọn tó gbàgbọ́ yóò gbé ọwọ́ lé olókùnrùn, ara wọn yóò sì dá. Inú ẹgbẹ́ aládùúrà ni màmá mi wà, ẹsẹ yẹn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣàìsàn. Mo ti dùbúlẹ̀ àìsàn ibà rí ní kékeré tí wọ́n kà á lé mi lórí mọ́jú.

N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹnì kan nínú wa kò lọ sí ilé ìsìn mọ́ láti ọ̀sẹ̀ náà, ó sì ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ pátápátá báyìí. Ó ṣì ń dùn mí, torí èèyàn dáadáa ni, ó sì kàwé jù mí lọ. Èmi lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí nínú, iṣẹ́ ni wọ́n fún mi: kí n lọ ka Kọ́ríńtì Kìíní orí 15, kí n wá sọ ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Mo lọ wá a. Nǹkan bí ogún ọdún lé díẹ̀ lẹ́yìn ikú Jésù ni, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó ṣáájú Ìhìn Rere Máàkù. Nínú rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti to àwọn tó rí Jésù lẹ́yìn àjíǹde lẹ́sẹẹsẹ, Pétérù, àwọn méjìlá, àwọn ará tó lé ní 500. Àjíǹde kò rọ̀ mọ́ ẹsẹ méjìlá yẹn rárá. Àdúrà màmá mi náà kò rọ̀ mọ́ ọn, nítorí Jákọ́bù 5 wà níbẹ̀, tó ní kí àwọn alàgbà gbàdúrà lórí aláìsàn kí wọ́n sì fi òróró kùn ún. Nígbà tí mo padà wá jíṣẹ́, olùkọ́ ní, "Ohun tó o kọ́ ní Mọ́ńdè, má tíì wàásù ẹ̀ ní Sọ́ńdè. Jẹ́ kó kọ́kọ́ pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ." N kò tíì rí ìmọ̀ràn tó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tíọ́lọ́jì ju ìyẹn lọ. Bí ọ̀dọ́ ṣe ń gbọ́ nǹkan tuntun ló ń fẹ́ fi dá ìjọ bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́. Àwọn tí yóò fi dá lẹ́jọ́ sì nìyẹn, àwọn ló gbà á tọ́, àwọn ló gbé e débi tó ti gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà ni n kò ti lè na ìka sí ẹsẹ kan kí n sọ pé ọ̀rọ̀ parí. Ó kọ́kọ́ dà bí ìpàdánù fún mi.

Ìtàn ìjọ ló kọ́kọ́ dá ayọ̀ padà fún mi. Kí n tó wọ kíláàsì yẹn, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé Freeman, ará Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842, tí ẹ̀sìn Kristi fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àṣé Augustine, àgbà olùkọ́ ìjọ tó kú ní 430, ọmọ ilẹ̀ tó di Algeria lónìí ni. Athanasius, tó di ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní 325 mú, pé Ọlọ́run ni Jésù, tí wọ́n fi lé e kúrò nílùú lẹ́ẹ̀marùn-ún, Alexandria ní Íjíbítì ló ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, kò sì tíì ju díákónì lọ nígbà tó bá ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St. David's ní Kúdẹtì pẹ̀lú. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, n kò débẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni míṣọ́nnárì Áńgílíkà, David Hinderer, àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí wọ́n dé sílùú ní 1853. Anna kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1865, ọ̀nà etíkun dí, owó kò wọlé, wọ́n sì ń ta nǹkan ilé wọn kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí jẹ. Nígbà tí àìlera mú kí wọ́n padà sílé ní 1869, Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà èwe, ló di iṣẹ́ náà mú pẹ̀lú àwọn olùkọ́ dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Mo dúró nínú ọgbà yẹn, mo ronú lórí ọ̀dọ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, láàárín ogun. Ẹsẹ̀ mi wá fìdí múlẹ̀ sí i.

Èyí tó wá jẹ́ èrè gidi fún mi ṣẹlẹ̀ nílé obìnrin kan ní ìjọ wa. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ kó tó lóyún. Oyún pé oṣù kẹsàn-án, òkú ọmọ ló bí. Àwọn èèyàn ń lọ kí i. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ní kó má sunkún, kí ojú ọ̀nà má baà dí mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń tu ọlọ́fọ̀ nínú nílẹ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní kó yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa, pé Ọlọ́run kì í fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ìgbà náà. Màmá mi ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ kí i.

A bá a lórí ẹní. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ìwọ tó o kàwé Ọlọ́run, sọ fún mi, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo dá?" Tó bá jẹ́ pé kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni, mi ò bá ti dá a lóhùn kó tó pa ẹnu dé. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ méje, òru méje, ni wọ́n fi bá a jókòó nílẹ̀ tí ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀, ìgbà tí wọ́n wá ya ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́, títí Ọlọ́run fi bá wọn wí ní orí 42. Torí náà mo jókòó tì í, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá ní, "Àǹtí, mi ò mọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bi Jésù ní irú ìbéèrè yẹn rí." Mo ka Jòhánù 9 fún un, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti béèrè ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, tí Jésù sì ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Orin Dáfídì 88. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, 23 la mọ̀, 91 la mọ̀, 121 la mọ̀. N kò gbọ́ kí wọ́n ka 88 rí kí n tó gbọ́ ọ nínú kíláàsì Májẹ̀mú Láéláé, níbi tí mo ti mọ̀ pé igbe ẹni tí nǹkan ń dùn ló pọ̀ jù nínú ìwé náà. Igbe yòókù sábà máa ń yí padà sí ọpẹ́ kó tó parí. Eléyìí kò yí padà. Ẹni tó kọ ọ́ ń bi Ọlọ́run ìdí tó fi gbé ojú pamọ́ fún òun, òkùnkùn sì ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, Àǹtí ní, "Ó parí síbẹ̀?" Mo ní ó parí síbẹ̀. "Inú Bíbélì?" Mo na Bíbélì sí i. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó kà á sókè fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹkún sì bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń kà, irú ẹkún tí gbogbo èèyàn ti ní kó má sun. Màmá mi kò ní kó dákẹ́. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà sáàmù yẹn sílẹ̀ fún àwọn.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń wá báyìí. Màmá mi ṣì ń ka ẹsẹ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí aláìsàn, mo sì ń ṣe àmín tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé ọlọ́fọ̀ ni wọ́n ń lọ, 88 ni wọ́n ń mú dání.

Bàbá mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mi. Ìwé Oníwàásù ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n sì máa ń jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni tó wà ní kóòtù. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà máa ń fi obìnrin jẹ àlùfáà, mo sì ti fi orúkọ sílẹ̀, n kò mọ ìgbà tí wọn yóò pè mí. Ní báyìí ná, CRK ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, mo sì ń bójú tó kíláàsì Bíbélì àwọn ọ̀dọ́langba ìjọ wa ní ọ̀sán Sátidé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ pé òun náà fẹ́ ka ohun tí mo kà, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ béèrè owó rẹ̀, kó bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó sì ka ìwé Jóòbù látòkèdélẹ̀ kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú wọn béèrè ìdí tí Jésù fi sunkún níbi ibojì Lásárù nígbà tó mọ̀ pé òun máa jí i dìde. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ ro ó ná. Ó ronú títí, ó ní, "Bóyá torí pé Màríà ń sunkún ni." Mo ní kó lọ wo Jòhánù 11 ẹsẹ 33 dáadáa nílé, pé òun ló máa kọ́ wa ní Sátidé tó ń bọ̀.